Ìgò Tó Ń Dúró De Ènìyàn Mẹ́wàá

Aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn alábọ́dé kan láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà, ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kẹrin ọdún 2021. Oòrùn ń pa mí, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà ní ìka mi, mo sì di fóònù mi mú ṣinṣin nítorí inú rẹ̀ ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ mi wà. Nọ́ọ̀sì tó jókòó síbẹ̀ kí mi dáadáa. Ó wo nọ́ńbà náà, ó wá orúkọ mi nínú ìwé ńlá tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rí i. Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi pé, “Ẹ má bínú, mà. Abẹ́rẹ́ wà, àmọ́ n kò lè ṣí ìgò. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbí.”

Kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìgò yìí dáadáa, nítorí òun gan-an ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ rọ̀ mọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca tí wọ́n kọ́kọ́ kó wọ Nàìjíríà, èyí tí ilé iṣẹ́ Serum Institute ní Íńdíà ṣe, inú ìgò kékeré kan ló máa ń wà, ìgò kọ̀ọ̀kan sì tó ènìyàn 10. Bí wọ́n bá ti fi abẹ́rẹ́ gún rọ́bà tó wà lẹ́nu ìgò náà fún ẹni àkọ́kọ́, wákàtí 6 péré ló kù. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, dídà ni wọn yóò dà á nù. Kò sí pé a dá a padà sínú yìnyín kó di ọ̀la. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ kì í ṣí ìgò fún ẹnì kan ṣoṣo ní aago méjì ààbọ̀ nígbà tó mọ̀ pé aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Orí ló ń kà. Bí orí bá pé mẹ́wàá, tàbí tó súnmọ́ ọn, yóò ṣí i. Bí kò bá pé, yóò ní kí a padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Nọ́ọ̀sì yẹn kò ṣẹ̀ mí, n kò sì bínú sí i lọ́jọ́ náà. Ohun tí ó ń ṣọ́ ni pé kí abẹ́rẹ́ ènìyàn mẹ́sàn-án má ṣòfò nítorí tèmi.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bọ̀ nínú Máíkírà tí mo wọ̀ padà sí Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan ń jà nínú mi. Ta ni ẹni tó lè wà ní ilé ìwòsàn láàárín aago mẹ́sàn-án sí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, ìgbà tí àwọn ènìyàn máa ń pé mẹ́wàá? Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lè wà níbẹ̀. Oníṣòwò tó lè fi ọmọ ti ìsọ̀ lè wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì ní Agodi lè tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún wákàtí méjì, kí fáìlì rẹ̀ sì dúró lórí tábìlì títí yóò fi dé. Àwọn ọmọ 72 tó wà ní kíláàsì mi nígbà náà kò lè dúró lórí tábìlì. Bí olùkọ́ bá jáde, ẹlòmíràn ni yóò wọlé dípò rẹ̀, bí kò bá sì sí ẹlòmíràn, ariwo ni yóò gba ibẹ̀.

Ọjọ́ olùkọ́ ní ilé ìwé ìjọba nílùú Ìbàdàn kò ní àlàfo. A ń dé kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ni pẹ́ríọ́ọ̀dù yóò bẹ̀rẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú tẹ̀lé ogójì ìṣẹ́jú, pẹ̀lú ìsinmi ráńpẹ́ kan tí a fi ń jẹun tí a tún fi ń parí ìjà àwọn ọmọ. Aago méjì ni a ń jáde. Ẹ fi ìrìn àjò kún un, pàápàá tí ọkọ̀ bá há láti Òjé sí Yemẹ́tù. Olùkọ́ tó bá sáré jáde bí agogo ṣe dún kò lè dé ibikíbi kí aago méjì ààbọ̀ tó lù. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, àsìkò tí ìgò ń ṣí àti àsìkò tí olùkọ́ ń jáde kì í pàdé. Abẹ́rẹ́ wà, orúkọ mi wà nínú ìwé, mo sì ní ẹ̀tọ́ sí i nítorí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún. Síbẹ̀, ọwọ́ mi kò tó o.

Ọjọ́ kejì oṣù Kẹta ọdún 2021 ni bàálù gúnlẹ̀ sí Àbújá pẹ̀lú abẹ́rẹ́ mílíọ̀nù 3.94 láti ọ̀dọ̀ COVAX, ètò àgbáyé tó ń pín abẹ́rẹ́ Kòrónà fún àwọn orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta yẹn kan náà ni Ààrẹ Joe Biden kéde ní Amẹ́ríkà pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ fi àwọn olùkọ́ ṣáájú, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ti gba ó kéré tán abẹ́rẹ́ kan kí oṣù náà tó parí. Nígbà tí wọ́n fi wọ oṣù Kẹrin, CDC, àjọ wọn tó ń rí sí ìdènà àrùn, sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ilé ìwé àti àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé tó ti gba ti àkọ́kọ́. N kò fi wá wé wọn ní ti iye abẹ́rẹ́. Mílíọ̀nù 3.94 fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 200 kò tó pín, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wa lẹ́bi fún ohun tí a kò ní. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé ẹnì kan jókòó níbẹ̀, ó ro olùkọ́ sí ọ̀tọ̀, ó sì bi ara rẹ̀ pé níbo àti nígbà wo ni ẹni yìí lè rí abẹ́rẹ́ gbà.

Kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà ṣàjèjì sí ayé. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, àti ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé, Education International, ti jọ ké sí àwọn ìjọba pé kí wọ́n fi olùkọ́ sára àwọn tí wọn yóò kọ́kọ́ fún. Àwọn orílẹ̀-èdè kan gbọ́. Àwọn kan ní ìlànà mìíràn: ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ orí ni wọ́n fi pín in jù, wọn kò ya olùkọ́ sọ́tọ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ọjọ́ orí ló ń pa ènìyàn jù. Mo gbà pé ọgbọ́n wà nínú ìyẹn. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹta ní Àbújá, n kò sì rí ẹni tó lè bá wọn du ipò náà. Àwọn ló dúró nígbà tí gbogbo wa tilẹ̀kùn mọ́rí. Lẹ́yìn wọn ni wọ́n wá kan àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Èyí náà tọ́. Ẹjọ́ tèmi kò sí lórí ẹni tó wà níwájú lórí ìlà. Orí ìlà fúnra rẹ̀ ló wà: ibi tí wọ́n tò ó sí àti àsìkò tí wọ́n ní kí a wá dúró síbẹ̀.

Ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń forúkọ àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní orúkọ kan tó mú inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ: TEACH. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló dúró fún ọ̀nà kan. Ọ̀kan jẹ́ kí ènìyàn fi fóònù ara rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan jẹ́ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́, lẹ́tà H tó gbẹ̀yìn sì dúró fún lílọ láti ilé dé ilé. Ilé dé ilé wà nínú rẹ̀. Ní gbogbo oṣù tí mo fi retí, kò sí ẹni tó kan ìlẹ̀kùn yàrá àwa olùkọ́.

Èmi ni mo forúkọ ọ̀pọ̀ nínú wa sílẹ̀. Àkókò ìsinmi ráńpẹ́ ni mo fi ń ṣe é, lórí tábìlì kan tí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá kún, pẹ̀lú dátà tí mo rà fúnra mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nínú yàrá náà, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń dúró sí tí mo bá fẹ́ tẹ ibi tó gbẹ̀yìn, n óò sì máa ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí ẹnì kejì jáde kí n má baà ṣì í. Nígbà tí nọ́ńbà bá yọ, a óò kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé, a óò sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn mìíràn kò fẹ́ rárá. Ẹnì kan ní àwọn ará ilé òun ti sọ pé irin máa ń lẹ̀ mọ́ apá ẹni tó bá gbà á, ẹlòmíràn ní ọdún méjì lẹni tó gbà á yóò fi wà láyé. N kò bá wọn jà. Mo fi àpá àjẹsára ìgbà èwe mi tó wà ní apá òsì mi hàn wọ́n, mo ní àwọn òbí wa náà bẹ̀rù nígbà náà, wọ́n sì gbé wa lọ. Díẹ̀ gbà, díẹ̀ kò gbà.

Nínú àwọn tí mo forúkọ wọn sílẹ̀ ni àgbà kan wà tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Ìṣirò. Ó jẹ́ ẹni ọdún 59, ọdún kan ló kù kó fẹ̀yìn tì. Fóònù kékeré alábọ́tìnnì ló ń lò, nítorí náà nọ́ńbà tèmi ni mo lò fún un. Ọjọ́ tí ètò náà fún un jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá, ó ní pẹ́ríọ́ọ̀dù méjì tó so pọ̀ pẹ̀lú àwọn SS3 tí wọ́n ń múra WAEC. Mo rán an létí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó mú rúlà onígi rẹ̀ tó gùn lórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi síbi apá, ó ní, “Àbúrò mi, ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ yìí? Ọdún tó kọjá ti lọ mọ́ wọn lọ́wọ́.” Ó sì lọ sí kíláàsì.

Òótọ́ ló sọ. Láti oṣù Kẹta ọdún 2020 ni wọ́n ti ti ilé ìwé pa, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC ọdún yẹn kò sì jókòó títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹjọ. Àwọn tó wà ní SS3 ní 2021 ni àwọn tí ìtìpa náà gba SS2 wọn. Olùkọ́ tó bá mọ iye orí ọ̀rọ̀ tó ṣẹ́ kù kò ní lè fi ọkàn balẹ̀ jáde fún òwúrọ̀ kan. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé àwọn olùkọ́ kò kọbi ara sí abẹ́rẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé lára àwọn tí kò lọ, àwọn kan wà tí iṣẹ́ ló dá wọn dúró.

Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì nínú oṣù Karùn-ún. Mo ti bẹ ẹnì kan pé kó gba kíláàsì mi, mo sì dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá ààbọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ènìyàn wà, ìgò sì ń ṣí, ṣùgbọ́n ti àwọn tó ń gba ẹlẹ́ẹ̀kejì nìkan ni. Íńdíà tí a ti ń retí abẹ́rẹ́ ti dá kíkó o ránṣẹ́ síta dúró nítorí àjàkálẹ̀ náà ti gbóná lọ́dọ̀ wọn, ìjọba àpapọ̀ sì ti pàṣẹ fún àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n fi ìdajì ohun tó wà lọ́wọ́ wọn pamọ́, kí ẹni tó ti gba àkọ́kọ́ lè rí ìkejì gbà. Ìpinnu náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pàdánù ọjọ́ rẹ̀ nínú oṣù Kẹrin ti di ẹni tí yóò máa dúró títí àwọn abẹ́rẹ́ mìíràn yóò fi dé. Àwọn náà kò dé títí di oṣù Kẹjọ, nígbà tí Amẹ́ríkà fún wa ní mílíọ̀nù 4 abẹ́rẹ́ Moderna.

Láàárín àkókò yẹn ni ẹ̀yà àrùn náà tí wọ́n ń pè ní Delta wọlé. NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, kéde rẹ̀ ní oṣù Keje. Bàbá Ìṣirò dùbúlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Wọn kò ṣe àyẹ̀wò fún un, nítorí náà n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé Kòrónà ni, ṣùgbọ́n ó wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì sọ fún mi lórí fóònù pé òun kò gbóòórùn irú tí wọ́n fi sínú ọbẹ̀ níwájú òun. Mo dúpẹ́ pé ó yè é. Nígbà tó padà, kò lè gun àtẹ̀gùn lọ sí kíláàsì SS3 láìdúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ á sì dúró pẹ̀lú rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan á bá a gbé ìwé, ọ̀kan á bá a gbé rúlà.

Nínú oṣù Kẹsàn-án, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì ọjọ́ àkọ́kọ́ padà sí mi lọ́kàn. Bó bá jẹ́ pé orí ló ń kà, kí ló dé tí a kò ní kó orí lọ bá a? Mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo pè é, mo ní, “Nọ́ọ̀sì, tí a bá pé mẹ́wàá tí a dé lẹ́ẹ̀kan náà ní aago méjì ààbọ̀, ṣé ẹ óò ṣí i?” Ó ní, “Mà, tí ẹ bá pé mẹ́wàá, mo máa dúró dè yín.” Mo bá ọ̀gá ilé ìwé wa sọ̀rọ̀, ó gbà kí a jáde ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú agogo. A wá ara wa jọ. A jẹ́ olùkọ́ mẹ́jọ, pẹ̀lú ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ó ku ẹnì kan. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì fún àwọn ọmọ lẹ́nu géètì gbọ́ ohun tí a ń sọ, ó dé igbá rẹ̀, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ.” Máíkírà méjì ni a háyà. Bàbá Ìṣirò jókòó níwájú nínú ti àkọ́kọ́.

Nọ́ọ̀sì náà dúró dè wá lóòótọ́. Ó ṣí kúlà aláwọ̀ búlúù rẹ̀, ó gbé yìnyín tó wà lókè kúrò, ó mú ìgò kan jáde, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó, ó sì kọ àsìkò tó ṣí i sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò. N kò tíì rí ìgò náà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Mo ti rò pé yóò tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ju àtàǹpàkò mi lọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì funfun díẹ̀ bí omi ògì tó ti silẹ̀. Láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ìyá oníbúrẹ́dì tó gba tirẹ̀ gbẹ̀yìn, kò tó ogójì ìṣẹ́jú. Pẹ́ríọ́ọ̀dù kan péré ni.

Ohun tí mo rò lórí bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni pé a jẹ́ olùkọ́ 41 ní ilé ìwé wa. Ìgò mẹ́rin ni wá, ó lé ẹnì kan. Àwọn ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá tí nọ́ọ̀sì ń wá káàkiri ládùúgbò ti jókòó pọ̀ sínú yàrá kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé ìwé padà, orúkọ wọn wà nínú ìwé ìbuwọ́lù kan ṣoṣo, ọ̀gá wọn mọ ẹni tó wà àti ẹni tí kò sí. Kò sí ilé ìjọsìn tàbí ọjà tó rọrùn láti kà bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan pẹ̀lú kúlà kan ì bá parí wa láàárín òwúrọ̀ kan, bí a ṣe ń bọ́ síta kíláàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo gbọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún náà pé wọ́n ti run 1,066,214 abẹ́rẹ́ AstraZeneca tí ọjọ́ ti kọjá lórí wọn ní Àbújá, mo jókòó fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè ṣe ohun mìíràn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ọjọ́ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé nígbà tí àwọn tó fún wa kó wọn dé, ẹ̀bi ìyẹn kì í ṣe tiwa nìkan. Síbẹ̀, ohun tí ọjọ́ rẹ̀ kò pẹ́ ló yẹ kí a gbé lọ bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti wà.

Ní ọdún 2024, wọ́n gbé abẹ́rẹ́ HPV dé ìpínlẹ̀ wa fún àwọn ọmọbìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 14, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Wọn kò ní kí ọmọ kankan lọ gba ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ọ̀sì méjì wá pẹ̀lú kúlà, a gbé tábìlì kan àti àga mẹ́ta sí abẹ́ igi máńgòrò fún wọn, èmi ni mo sì ń pe orúkọ àwọn ọmọ JSS1 láti inú ìwé ìbuwọ́lù. Mo ń wo aago. Nígbà tí a parí, ọmọ ọgbọ̀n ó lé mẹ́rin ti gbà á, ìsinmi ráńpẹ́ kò sì tíì tó.

Mo pe Bàbá Ìṣirò ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní Apata. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, “Inú ọgbà wa yẹn náà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, abẹ́ igi máńgòrò. Ó béèrè iye ọmọ, mo sọ ọ́. Ó béèrè iye ìṣẹ́jú, mo sọ ìyẹn náà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ń ṣírò ni.

“Àwa jẹ́ 41,” ló sọ.